Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sí Síkípà Lẹ́nu

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní mọ́sáláṣí wa ní Agége ló máa ń sọ pé, "Ìyá Quadri? Jẹ́jẹ́ ni tiẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀ níta." Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwa obìnrin Àsàlátù, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n wá là á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí oníjẹ́jẹ́ yẹn ṣe fún yín.

Nùréènì lorúkọ ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbé agbègbè Ìkẹjà sí Agége nígbà tí ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran ṣì ń rú èéfín, ẹ ò lè gbàgbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, Tánganran Rovers. Ẹ máa rántí Tẹ́júọlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà lápá òsì. Ẹ máa rántí Oyinadé tí wọ́n ń pè ní Orí Òkúta, àti Akeem Ògúnjìmí, Kòlékòlé, tó ń já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ èèyàn bí àṣá ṣe ń gbé òròmọdìẹ. Ẹ sì máa rántí balógun wọn, Kàsúmù Àjíṣọlá, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Síkípà.

Ọkọ mi ni gólì wọn. Mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, torí bọ́ọ̀lù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yẹn rántí ẹ̀ mọ́. A-tabọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀.

Lọ́dún tí Tánganran dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn ilé iṣẹ́, àwọn oníbísíkíìtì láti Ìlúpéjú ni wọ́n bá pàdé. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn ni bọ́ọ̀lù kan tí kò le rárá ń yí bọ̀. Ọkọ mi ti na ọwọ́ láti gbé e. Síkípà wà níwájú ẹ̀, ó pariwo pé, "Tèmi! Fi í sílẹ̀!" Gólì tó bá gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu balógun ẹ̀, dandan ni kó dúró. Ọkọ mi dúró. Síkípà gbẹ́sẹ̀ sókè, bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ó wọ àwọ̀n lọ, ife sì bọ́ lọ́wọ́ Tánganran.

Bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn títí tó fi kú. Síkípà ní tiẹ̀ sọ pé irọ́ ni, pé òun ò pariwo nǹkan kan, pé Nùréènì kàn dúró bí ère ni, pé ó ti gba ẹ̀gúnjẹ.

Ta lẹ rò pé àwọn èèyàn gbà gbọ́?

Wọ́n sọ òkò fọ́ fèrèsé wa. Wọ́n lé ọkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì lé e níbi iṣẹ́. Ilé búrẹ́dì ló padà lọ tó ń po ìyẹ̀fun, ọkùnrin tí wọ́n ti gbé léjìká kiri gbogbo Agége rí. Nígbà tí Quadri ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ iléèwé, tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á mọ̀ọ́mọ̀ la ẹsẹ̀ kí bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ẹ̀, wọ́n á wá pariwo orúkọ bàbá ẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìbàdàn ni ọmọ náà ń gbé báyìí. Kì í fẹ́ wá sí Agége.

Síkípà ńkọ́? Ìléyá ọdún kejì ò tíì dé tó fi di sùpáfáísọ̀ nílé iṣẹ́ àwọn oníbísíkíìtì ní Ìlúpéjú. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe dé ibẹ̀.

Ọkọ mi kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí itẹ́ òkú, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ fún èkejì ẹ̀ pé, "Gólì tó ta wá nìyẹn."

Mo fi sínú. Ọdún ń gorí ọdún, mo fi sínú.

Lọ́jọ́ kan ni Alhaja Shukurat tá a jọ ń ṣe Àsàlátù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Quadri, iṣẹ́ kan wà ní Dopemu. Bàbá àgbàlagbà kan ni. Àìsàn ìgbàgbé ń ṣe é, ìtọ̀ ṣúgà náà sì wà lára ẹ̀. Báńkì lọmọ ẹ̀ obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó máa bá a mójú tó bàbá lọ́sàn-án. Orúkọ rẹ ni mo dá."

"Ẹ ṣeun, Alhaja. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mi ò béèrè orúkọ bàbá náà. Iṣẹ́ ni mò ń wá.

Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ bàbá náà, ló ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi gan-an ni. Ó mú mi wọ pálọ̀, ó ní, "Dádì, ẹ wo Ìyá Quadri o. Àwọn lẹ ó máa rí." Bàbá náà wà lórí àga, ó ti gbẹ, ẹnu ẹ̀ ń mì.

Fọ́tò ńlá kan ló wà lára ògiri lókè orí ẹ̀. Tánganran Rovers ni, irú ẹ̀ wà nílé wa. Mo rí Tẹ́júọlá, mo rí Oyinadé. Níbi tó yẹ kí ojú gólì wà, ihò ni mo rí. Ẹnì kan ti fi bíléèdì gé orí ọkọ mi kúrò nínú fọ́tò. Mo wo bàbá orí àga dáadáa: Síkípà ni.

Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó.

"Ṣé kò sí o, Ìyá?" Ọmọ́bọ́láńlé béèrè.

"Oòrùn ni, ọmọ mi."

Ó yẹ kí n dìde, kí n sọ fún un pé mi ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ohun tí mo sọ ni pé, "Kí ni wọ́n máa ń jẹ?"

Mi ò parọ́ fún un. Kò béèrè orúkọ ọkọ mi, èmi náà ò sì sọ ọ́. Àwọn Quadri pọ̀ jàn-ànràn ní Agége.

Ẹ gbọ́ o, mo tọ́jú ọkùnrin yẹn. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Kò mọ ọmọ ẹ̀ mọ́ láwọn ọjọ́ míì, àmọ́ tí ẹ bá dárúkọ Tánganran, ojú ẹ̀ á là. Á máa sọ bí Oyinadé ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù tí òpó fi mì. Á sọ bí Tẹ́júọlá ṣe sọ pé bàtà ń dí ilẹ̀ lọ́wọ́ láti bá òun sọ̀rọ̀. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi á máa gbá ilẹ̀, mi ò ní dáhùn. Kì í dárúkọ gólì kankan.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo kírun áílà tán, mo ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Ó kàn na ìka sí fọ́tò.

"Nùréènì nìyẹn."

Mo yíjú sí fọ́tò. "Níbo?"

"Níbi tí ihò yẹn wà."

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Ó ń wò mí jù."

Mo gbé àwo sílẹ̀. "Kí ló ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é." Ohùn ẹ̀ já gaara, ó tutù, bí ìgbà tí orí ẹ̀ ṣì pé. "Máníjà oníbísíkíìtì pè mí sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì àwọn mẹkáníìkì. Ó fún mi ní mínírà. Ó ní àyè sùpáfáísọ̀ máa ṣí, kí n ṣáà gbẹ́sẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Mo pariwo 'Tèmi'. Nùréènì dúró. Bọ́ọ̀lù kọjá. Ó wá wò mí bí ẹni tí mo gbá létí lójú ìyá ẹ̀." Ó la ẹnu dè mí. "Ẹ̀kọ dà?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo wọ ilé ìdáná, mo ki ìborùn mi bọ ẹnu kí igbe má bàa jáde. Òótọ́ ni ọkọ mi sọ. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn dáadáa: kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í nípa bọ́ọ̀lù. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Akeem Ògúnjìmí wá kí i. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Tánganran àtijọ́. Irun ẹ̀ ti funfun, àmọ́ ó ṣì ń rìn bí ẹni tó fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn. Kò dá mi mọ̀. Nígbà tí ọkọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò dé pápá rí, inú ilé ni mo ń wà.

Mo gbé omi fún un. Ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú Síkípà wa, Ìyá. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ní pápá Agége. A ń ya àwòrán àwọn akọni Tánganran sára ògiri, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa fún Síkípà ní máìkì."

"Ó dára, sà."

"Ibi gólì nìkan ló ṣì ṣófo lára ògiri yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Nùréènì ló tọ́ sí. Kò sí gólì bíi tiẹ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní tá a bá yà á, àwọn á da ọ̀dà sí i. Ká ní Síkípà tó fẹ̀sùn kàn án lè sọ ọ̀rọ̀ rere kan nípa ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá tán. Ṣé kì í sọ nǹkan àtijọ́ fún yín?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí Ọlọ́run gbé wá pàdé mi nílé. Kí n ṣáà la ẹnu ni. Kí n sọ pé, "Ẹ jókòó tì í, Bọ̀dá Akeem. Ẹ na ìka sí fọ́tò yẹn kẹ́ ẹ dákẹ́."

Ṣùgbọ́n mo wò ó pé tí wọ́n bá fi ìdákẹ́jẹ́ tún un ṣe, ta ló máa rí ìtìjú Síkípà? Inú èrò ni wọ́n ti já ọkọ mi sí ìhòòhò. Mo fẹ́ kó jẹ́ inú èrò náà ni ti Síkípà máa ti ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ara ẹ̀, lórí máìkì, lójú ọmọ ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n hó lé e.

Mo ní, "Rárá o, sà. Wọn kì í rántí nǹkan kan."

Akeem dìde. "Ó mà ṣe o."

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ìgbàgbé rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Tí wọ́n bá gbé máìkì fún un tó bá wá ń sọ̀rọ̀ Tẹ́júọlá àti bàtà ńkọ́? Mo ní màá kọ́ ọ bí mo ṣe kọ́ Quadri ní Fátíhà, díẹ̀díẹ̀, àkọ́túnkọ́.

"Síkípà, ta ló pariwo 'Tèmi'?"

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ wí i. Èmi ni."

"Èmi ni."

"Ta ló gbẹ́sẹ̀ sókè?"

"Èmi ni."

"Nùréènì ńkọ́?"

"Nùréènì ò mọ nǹkan kan."

Àwọn ọjọ́ kan máa ń wà tí kò ní fẹ́ sọ ọ́. Mo wá rántí pé ó fẹ́ràn ohun dídùn. Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ṣúgà rárá. Mo ra bàbá dúdú, súùtì àgbọn tí àwọn ọmọdé ń lá, mo fi pamọ́ sínú àpò tí mo ń kó tẹ̀sùbáà mi sí. Tó bá sọ ọ́ dáadáa, màá fún un ní ẹyọ kan. Tó bá ṣì í, màá ká ọwọ́ mi padà.

Ìgbà kan wà tó sọ pé, "Nùréènì ló ta bọ́ọ̀lù."

Mo jẹ súùtì náà lójú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ ọwọ́. Inú mi dùn. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, inú mi dùn gan-an ni. Mo ní, "Sunkún dáadáa. Ọkọ mi náà sunkún."

Tí mo bá ṣe báyìí tán, màá ṣe àlùwàlá, màá tẹ́ ẹní, màá kírun ní pálọ̀ yẹn, lábẹ́ fọ́tò yẹn.

Ó wá já fáfá. Kí n tó béèrè, á ti máa sọ ọ́. Àmọ́ nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí mi ò kíyè sí. Kò dárúkọ igi máńgòrò mọ́. Kò dárúkọ máníjà. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ ló ń sọ, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò sì sí nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀. Èmi ò bìkítà. Ṣebí kókó ibẹ̀ ló ń sọ.

Ọmọ́bọ́láńlé dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ojú ẹ̀ ti faro. "Ìyá Quadri, ṣúgà Dádì tún lọ sókè o. Dókítà ní ó ya òun lẹ́nu. Kí lẹ ń fún wọn jẹ?"

"Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà ni, ọmọ mi. Ṣé ara àgbà ni."

Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣé, Ìyá mi. Ẹ má bínú pé mo béèrè. Ọlọ́run ló rán yín sí wa." Ó mú híjáàbù tuntun jáde nínú báàgì ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, èyí lẹ máa wọ̀ lọ sí àjọyọ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ Dádì lẹ máa jókòó sí. Wọn ò gbọ́ tẹlòmíràn mọ́."

Mo gba híjáàbù náà. Mo sì wọ̀ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni. Pápá kún fọ́fọ́. Wọ́n ti kun ògiri ní ọ̀dà funfun, àwòrán àwọn akọni sì ń dán lára ẹ̀: Tẹ́júọlá láìwọ bàtà, Orí Òkúta lókè téńté, Kòlékòlé, Síkípà láàárín pẹ̀lú ife kan tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ibi gólì funfun báláú.

Wọ́n ń pe àwọn tó ṣì wà láàyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Akeem sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ń darí ètò wá lọgun pé, "Ẹ dìde fún balógun gbogbo balógun! Síkípàààà!"

Èmi àti Ọmọ́bọ́láńlé la dì í mú gòkè. Wọ́n gbé máìkì sí i lẹ́nu. Ó ń wo èrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí lẹ rántí nípa Tánganran?"

Èrò náà ló ṣì ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ta ló pariwo 'Tèmi'?"

Ojú ẹ̀ là. "Èmi ni! Èmi ni mo pariwo 'Tèmi'! Èmi ni mo gbẹ́sẹ̀ sókè! Nùréènì ò mọ nǹkan kan!"

Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ bí asíá ṣe ń lu ara ẹ̀ lórí òpó. Mo rí Akeem tó dìde. Mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tó di orí mú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Háà! Síkípà! Ìwọ lo tà wá?" Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rú bọ̀, ariwo tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà tí wọ́n ti fọ́ fèrèsé mi. Ọmọ́bọ́láńlé fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní nínú mi pé, Nùréènì, ṣé o ń gbọ́?

Síkípà yíjú sí mi. Máìkì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ìyá, ṣé mo gbà á? Ṣé mo sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi? Bàbá dúdú mi dà?"

Ó na ọwọ́. Nígbà tí mi ò dá a lóhùn, ó ki ọwọ́ bọ àpò mi fúnra ẹ̀, ó fa tẹ̀sùbáà jáde pẹ̀lú súùtì, ó bó o, ó sọ ọ́ sẹ́nu lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹ̀rín mọ́.

Ìyá arúgbó kan tó jókòó ní iwájú la ojú mọ́ mi. "Ẹ dúró ná! Ṣé kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn? Ìyàwó A-tabọ́ọ̀lù! Àgbàlá kan náà la jọ gbé!"

"Ìyàwó ta?" Ọmọ́bọ́láńlé gbá ọwọ́ mi kúrò lára bàbá ẹ̀. "Ẹ̀yin ni ìyàwó ta?"

"Ọmọ mi, gbọ́ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín! Mo bi yín ohun tí bàbá mi ń jẹ. Mo di ọwọ́ yín mú, mo sì dúpẹ́!"

"Òótọ́ ni ohun tó sọ! Mo fi Ọlọ́run búra. Ó ti sọ ọ́ kí n tó kọ́ ọ!"

Ọkùnrin kan lọgun látinú èrò pé, "Kí wá lẹ tún ń kọ́ ọ fún?"

Títí di òní, mi ò tíì rí èsì tó ṣeé sọ jáde.

Akeem nìkan ló gbìyànjú. Ó kúnlẹ̀ níwájú Síkípà, ó di eékún ẹ̀ mú. "Síkípà, èmi ni, Kòlékòlé. Ta ló ní kó o gbẹ́sẹ̀ sókè?"

"Èmi ni."

"Mo ní ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Níbo lẹ ti pàdé?"

"Nùréènì ò mọ nǹkan kan."

"Igi máńgòrò!" Mo ké. "Síkípà, igi máńgòrò! Máníjà oníbísíkíìtì! Ẹ sọ fún wọn!"

Bàbá náà wò mí, ẹnu ẹ̀ ń jẹ súùtì. Ó fẹ́ ṣe ohun tí mo fẹ́, mo rí i lójú ẹ̀. "Igi máńgòrò," ó ní. "Máníjà oníbísíkíìtì. Ṣé mo gbà á?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èmi ni wọ́n ń hó lé.

Akeem dìde, ó gbọn eruku kúrò ní eékún ẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. "Ìyàwó Nùréènì, ọjọ́ tí ẹ gbé omi fún mi, mo bi yín o. Èmi àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ì bá wá jókòó tì í, ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ sọ báyìí tí a ò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ fi sí i lẹ́nu?"

Mo rìn jáde kúrò ní pápá yẹn pẹ̀lú híjáàbù tí Ọmọ́bọ́láńlé rà fún mi lọ́rùn. Ẹnì kan ju ọ̀rá omi lù mí lẹ́yìn. Mi ò wẹ̀yìn.

Wọ́n gbé Síkípà lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn nítorí ṣúgà. Kò kú. Mi ò ní purọ́ fún yín pé àdúrà ìwòsàn ni mo gbà. Mo jókòó sórí ẹní, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ.

Ní mọ́sáláṣí, wọn ò pè mí la ìjà mọ́. Alhaja Shukurat ṣì máa ń kí mi, àmọ́ ó ń kí mi bí ẹni ń sanwó ibodè. "Orúkọ rẹ ni mo dá," ohun tó sọ fún mi nìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún un sọ.

Quadri pè mí láti Ìbàdàn. Fídíò ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lórí fóònù. Mo retí pé á bínú. Ohùn ẹ̀ kàn rẹ̀ ni. Ó ní, "Màámi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ lóòótọ́ kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Quadri. Mo fi bàbá ẹ búra."

Ó ní, "Mo fẹ́ gbà yín gbọ́ o." Ó pa fóònù.

Ọmọ mi, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ níyà nígbà èwe ẹ̀, ó ní òun *fẹ́* gbà mí gbọ́.

Wọ́n ti ya gólì sára ògiri. Ọ̀kan tó máa ń jókòó de ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì ni. Síkípà ṣì wà láàárín pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Àánú ẹ̀ tún wá ń ṣe wọ́n sí i.

Ẹ máa rò pé màá sọ pé mo ti dárí jì í. Mi ò tíì dárí jì í. Mo máa ń rí ihò inú fọ́tò yẹn tí mo bá di ojú. Tí ẹ bá sì ní ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ̀san lára ẹ̀, mi ò lẹ́nu láti sọ pé kẹ́ ẹ má gbẹ̀san. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí òótọ́ bá ti ẹnu ọ̀tá yín jáde, kẹ́ ẹ sáré pe ẹlòmíràn wá gbọ́. Ẹ má fi pamọ́ de ọjọ́ tí èrò máa pọ̀. Èmi ní ohun tó lè fọ orúkọ ọkọ mi mọ́ lọ́wọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé mo fẹ́ rí ẹni tí wọ́n ń hó lé.

Wọ́n ní Síkípà ti padà sílé. Wọ́n máa ń gbé àga ẹ̀ sí ẹnu géètì láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, oníkẹ̀kẹ́, aládùúgbò, ọmọ iléèwé, á nawọ́ pè wọ́n. Á sọ fún wọn pé òun ni òun pariwo, òun ni òun gbẹ́sẹ̀ sókè, pé Nùréènì ò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń fún un ní nǹkan kan mọ́ kó tó sọ ọ́. Wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Obìnrin burúkú yẹn ló fi sí yín lẹ́nu." Wọ́n á sì bá tiwọn lọ.